Àdùkẹ́, má tíì bomi rin ín

Àdùkẹ́ ọ̀rẹ́ mi,

Mo kí ọ, mo sì kí gbogbo ará ilé. Àwòrán tó o fi ránṣẹ́ ti dé ọwọ́ mi, mo sì ti wò ó síwá sẹ́yìn. Monstera rẹ, ohun ọ̀gbìn inú ìkòkò yẹn, kò tíì kú o, fọkàn balẹ̀. Ewé méjì tó ń pọ́n nísàlẹ̀ ló ń dùn ọ́, ṣùgbọ́n iyẹ̀pẹ̀ inú ìkòkò yẹn ló kọ mí lóminú: ó dúdú, ó sì ń dán. Ìwọ náà wá kọ ọ́ pé gbogbo Sátidé lo máa ń bomi rin ín, bí oòrùn ràn, bí òjò rọ̀, àti pé láti ìgbà tí ewé ti ń pọ́n, o ti fi ọjọ́ mìíràn kún un láàárín ọ̀sẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi, omi ti pọ̀ ju ọkà lọ. Gbé kẹ́tùlù náà sílẹ̀ ná.

Ìtàkùn ni nǹkan tó o gbé sílé yẹn. Inú igbó kìjikìji, láti gúúsù Mẹ́síkò títí dé Panama, ni ìran rẹ̀ ti wá. Abẹ́ igi ńláńlá ló ti ń hù, á fi gbòǹgbò di ara igi mú, á sì máa gùn ún lọ sókè. Iyẹ̀pẹ̀ igbó ọ̀hún kì í ṣe amọ̀. Ewé tó ti jẹrà àti èèpo igi wẹ́wẹ́ ló pọ̀ nínú rẹ̀. Omi òjò á gba inú rẹ̀ kọjá wéré, afẹ́fẹ́ á sì rọ́pò rẹ̀. Gbòǹgbò ń mí, Àdùkẹ́. Tí omi bá dí gbogbo àlàfo inú iyẹ̀pẹ̀ pa, kò ní rí afẹ́fẹ́, á kú, á sì jẹrà. Gbòǹgbò tó ti kú kò lè fa omi mọ́, ni ewé bá rọ wọ̀ọ̀ bí ẹni pé òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, ni ẹni tó ni ín bá tún sáré bu omi sí i. Bí ọ̀pọ̀ wọn ṣe ń kú nìyẹn, inú omi ni wọ́n ń kú sí, tí ẹni tó ń tọ́jú wọn sì ń rò pé omi ni kò tó.

Nítorí náà, ki ìka rẹ bọ iyẹ̀pẹ̀ náà títí dé oríkèé kejì, bíi sẹ̀ǹtímítà 5. Tí ìka bá jáde tí iyẹ̀pẹ̀ tútù lẹ̀ mọ́ ọn, má fi omi kàn án. Tó bá jáde ní gbígbẹ, ó ti yá: da omi sí i títí tí yóò fi máa jò láti ihò ìdí ìkòkò, jẹ́ kó jò tán, kí o sì da èyí tó dúró sínú abọ́ ìsàlẹ̀ nù. Omi tí wọ́n ń wọ́n díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́ kò dára, torí òkè nìkan ló ń tutù. Máa gbé ìkòkò náà sókè pẹ̀lú kó o tó bomi rin ín àti lẹ́yìn rẹ̀. Láìpẹ́, ọwọ́ rẹ á mọ ìkòkò tó ti mumi yó yàtọ̀ sí èyí tó ti gbẹ. Nígbà òtútù, tí oòrùn kì í pẹ́ lójú ọ̀run, ó lè ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ kó tó gbẹ dé ibi tí mo wí yẹn. Sátidé kò mọ ìyẹn.

Tí iyẹ̀pẹ̀ bá ti ń rùn, má dúró dìgbà tó máa gbẹ. Fa Monstera náà yọ, gbọn iyẹ̀pẹ̀ náà kúrò, kí o wo gbòǹgbò dáadáa. Èyí tó yè máa ń funfun tàbí kó pọ́n díẹ̀, ó sì máa ń le lọ́wọ́. Èyí tó ti jẹrà dúdú, ó rọ̀. Tí o bá fà á, awọ rẹ̀ á bọ́ mọ́ ọ lọ́wọ́, fọ́nrán tín-ín-rín nìkan ló máa kù. Fi sísọ́ọ̀sì tí o ti fi spírìtì nù gé gbogbo èyí tó jẹrà dànù, kí o sì tún un gbìn sínú iyẹ̀pẹ̀ tuntun tó ní èèpo igi wẹ́wẹ́ nínú, àti perlite, àwọn hóró funfun fífúyẹ́ yẹn. Má ra ìkòkò ńlá fún un o. Iyẹ̀pẹ̀ tí gbòǹgbò kò tíì dé inú rẹ̀, omi ló kàn máa ń gbà pamọ́. Kí ìkòkò náà sì ní ihò nídìí; èyí tí kò ní ihò, bó ti wù kó lẹ́wà tó, má gbin nǹkan kan sínú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìmọ́lẹ̀ ni mo fẹ́ bá ọ jà lé lórí. O ní wọ́n sọ fún ọ pé ó fẹ́ràn òkùnkùn, lo bá lọ gbé e sí kọ̀rọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí ìwé. Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ kò purọ́ tán. Ní 1975, àwọn onímọ̀ kan, Donald Strong àti Thomas Ray, kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn Science pé ìtàkùn kan tó jẹ́ ìbátan tìrẹ yìí, tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ hù nílẹ̀ igbó, apá ibi tó ṣókùnkùn jù lọ ló máa ń wọ́ lọ. Ìdí rẹ̀ ni pé ibẹ̀ ni igi ńlá wà. Tó bá ti kan igi báyìí, ó di òkè, ó di ibi tí oòrùn wà. Òkùnkùn ló fi ń wá igi, igi ló sì fi ń wá ìmọ́lẹ̀. Ní kọ̀rọ̀ ilé rẹ, kò sí igi tó máa gùn, ìwé ló máa bá níbẹ̀.

Ojú wa máa ń tàn wá jẹ lórí èyí, torí ojú tètè ń mọ́ra pẹ̀lú ibi tí kò mọ́lẹ̀. Ìta gbangba lọ́sàn-án gangan, tí oòrùn bá mú, lè tó 100,000 lux, ìyẹn òṣùwọ̀n ìmọ́lẹ̀; àárín yàrá tí ìwọ ń wò pé ó mọ́lẹ̀ rekete lè má tó 500. Dán èyí wò lọ́sàn-án: tẹ́ ìwé funfun síbi tí o fẹ́ gbé e sí, kí o na ọwọ́ sókè rẹ̀. Tí òjìji ọwọ́ bá hàn kedere, tí etí rẹ̀ mú, oòrùn ibẹ̀ ti le jù, á jó ewé. Tó bá hàn, ṣùgbọ́n tí etí rẹ̀ kò mú, ibẹ̀ gan-an ni. Tí o kò bá rí òjìji kankan, gbé e kúrò níbẹ̀. Ìtòsí fèrèsé tó kọjú sí ìlà-oòrùn sábà máa ń dára. Tó bá jẹ́ oòrùn ọ̀sán ló ń wọlé tààrà, fi kọ́tìnì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ dí i.

Ọ̀rọ̀ ìmọ́lẹ̀ yìí náà ló fa ìbéèrè rẹ pé kí ló dé tí ewé rẹ kò ní ihò bíi ti inú àwòrán. Lákọ̀ọ́kọ́, ọmọdé ṣì ni. Ewé ìgbà èwe rẹ̀ kì í ní ihò. Bó bá ṣe ń dàgbà, tó sì ń rí ìmọ́lẹ̀ tó, ni ewé tuntun á máa ya létí, lẹ́yìn náà ihò á wá yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ egungun àárín ewé. Ìgbà tí ewé ṣì kéré, tó ṣì wà ní kíká, ni ihò náà ti ń ṣí. Nítorí náà, ewé tó bá ti là láìní ihò, bẹ́ẹ̀ náà ló máa wà títí ayé rẹ̀. Èyí tó ń bọ̀ ni kí o máa wò. Ní ti ìwúlò ihò náà, àlàyé kan wà tí onímọ̀ kan, Christopher Muir, ṣe ní 2013 tó wù mí gan-an: oòrùn kì í wọ ìsàlẹ̀ igbó ní pẹrẹsẹ, ó máa ń já wọlé níbí díẹ̀, lọ́hùn-ún díẹ̀, á sì máa ṣípò. Ewé tó ní ihò lè fẹ̀ ju èyí tí kò ní ihò lọ láìná ohun púpọ̀ sí i, kó máa rí díẹ̀ gbà déédéé, dípò kó rí ọ̀pọ̀ lónìí, kó má rí rárá lọ́la.

Ri ọ̀pá tó lágbára sínú ìkòkò rẹ̀, kí o so igi rẹ̀ mọ́ ọn. Àwọn gbòǹgbò tó ń so rọ̀ lára rẹ̀ tí o ní kò wuyì lójú, jọ̀ọ́, má gé wọn. Ajílẹ̀ kò kánjú: tó bá tún ti ń yọ ewé, lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ìdajì ohun tí wọ́n kọ sára ike rẹ̀, ó tó. Má jẹ́ kí ibi tó wà tutù jù. Láti 18 sí 27 lórí òṣùwọ̀n Celsius ló bá a lára mu jù. Omi tí o ń fún sára ewé láàárọ̀ kò ṣe nǹkan kan fún un, kíá ló ń gbẹ. Aṣọ tútù ni kí o máa fi nu eruku orí ewé, kí o sì máa yí abẹ́ rẹ̀ wò. Tí o bá rí àmì kéékèèké tó funfun, gbọn ewé náà sórí ìwé funfun. Tí eruku tó bọ́ sílẹ̀ bá ń rìn, kòkòrò ni. Fi omi fọ ewé náà lókè àti nísàlẹ̀, kí o tún un ṣe lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ẹ̀kán omi tó ń yọ ní ṣóńṣó ewé láàárọ̀ kì í ṣe àìsàn. Omi tí gbòǹgbò tì wá sókè lóru ni.

O sọ pé nítorí kó lè fọ afẹ́fẹ́ ilé mọ́ lo ṣe rà á. Àyẹ̀wò tí NASA, àjọ òfuurufú Amẹ́ríkà, ṣe ní 1989 ni ọ̀rọ̀ yẹn ti ṣẹ̀, àmọ́ inú àpótí kékeré tí wọ́n dé pa ni wọ́n ti ṣe é. Nígbà tí àwọn onímọ̀ méjì, Cummings àti Waring, tún ìṣirò rẹ̀ ṣe ní 2019, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé o ní láti sọ yàrá rẹ di igbó kí o tó rí ìyàtọ̀. Ṣí fèrèsé. Ohun tó jà jù ni pé kí ọwọ́ ọmọ rẹ tó ń ki gbogbo nǹkan bọ ẹnu má tó Monstera náà, kí ológbò má sì dé ìdí rẹ̀. Kírísítálì calcium oxalate wà nínú ewé àti igi rẹ̀, wọ́n mú bí abẹ́rẹ́, wọ́n á sì ta ẹnu àti ọ̀fun gan-an.

Aládùúgbò rẹ tó tọrọ ewé kan, sọ fún un pé ewé nìkan lè pẹ́ nínú omi, kó tiẹ̀ yọ gbòǹgbò nígbà mìíràn, ṣùgbọ́n kò ní di ìtàkùn tuntun láé. Oríkèé igi ni èèhù ti ń yọ, nítorí náà, abẹ́ oríkèé ni kí o ti gé e. Àmọ́ má tíì gé nǹkan kan fún un báyìí. Jẹ́ kó yọ ewé tuntun bíi mélòó kan ná. Tí o bá ti yẹ gbòǹgbò rẹ̀ wò, ya á ní fọ́tò kí o fi ránṣẹ́ sí mi.

Bá mi kí ọmọ.

Èmi ni,
Ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́