Aṣọ tí kò wọnú aró, ẹ má pè é ní àdìrẹ

Ẹ̀yin Olóòtú,

Mo kí yín o. Aláró ni mí ní Ìtòkú, Abẹ́òkúta. Ìdí ìkòkò aró ìyá mi ni mo ti kọ́ṣẹ́, òun náà ni mo fi rán ọmọ mẹ́ta nílé ìwé.

Lọ́jọ́bọ̀ tó kọjá, oníbàárà mi kan wá láti Ìbàdàn. Aṣọ ẹbí ọgọ́ta ènìyàn ló fẹ́. Mo ní ₦12,000 ni ọ̀pá márùn-ún. Ló bá fa aṣọ kan yọ nínú báàgì, ó ní, "Màmá, ₦5,000 ni wọ́n ń ta eléyìí níwájú yẹn. Àdìrẹ náà ṣáà ni."

Mo gbà á, mo yí ẹ̀yìn rẹ̀ síta. Ẹ̀yìn funfun! Aṣọ tó bá wọnú aró, tojú tẹ̀yìn ló ń mu ún. Bátànì tí à ń pè ní Ìbàdàndùn ni wọ́n yà sí i, pẹ̀lú òpó gbọ̀ngàn Màpó bí àwọn ìyá wa ṣe ń fi ìyẹ́ adìyẹ àti ẹ̀kọ láfún yà á. Lẹ́bàá òpó kan, ìyẹ́ ti yẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó kọ́kọ́ yà á. Àṣìṣe yẹn gan-an ni ẹ̀rọ ní Ṣáínà dà kọ, tó ń tún un tẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ aṣọ dé òpin. Ìyá kan ló ni ọwọ́ yẹn. Ta ló fún un ní kọ́bọ̀?

Oníbàárà mi káàánú, ṣùgbọ́n ₦420,000 ni ìyàtọ̀ owó náà. Ó lọ. Mi ò rí iṣẹ́ fún àwọn ọmọbìnrin méjì tó ń bá mi ya aṣọ lọ́sẹ̀ yẹn.

Àwọn kan ń pariwo pé kí ìjọba ti ẹnubodè pa. Èmi kò sí níbẹ̀. Láyé ìyá mi, aṣọ funfun tí wọ́n hun ní Kàdúná àti Ìkẹjà la ń rẹ. Nígbà tí àdéhùn tó ń dín aṣọ òkèèrè kù lágbàáyé parí ní 2005, aṣọ olówó pọ́ọ́kú ya jáde láti Ṣáínà. Ní 2007, ilé iṣẹ́ aṣọ ńlá tó wà ní Kàdúná kógbá sílé. Àìsí iná àti ọ̀wọ́n epo náà kò jẹ́ kó rí ẹsẹ̀ dúró. Lónìí, òkèèrè ni aṣọ funfun mi ti ń wá, àti aró, àti sódà tí a fi ń po aró. Báńkì àpapọ̀ kọ̀ láti ta dọ́là fún àwọn tó ń kó aṣọ wọlé láti 2019 títí di oṣù kẹwàá 2023. Síbẹ̀, aṣọ ẹ̀rọ kò fìgbà kan tán ní Ìtòkú. Aṣọ funfun tèmi ló ń wọ́n.

Orúkọ ni mo ń bèèrè. Kí òfin mú ẹni tó ń kó o wọlé láti tẹ̀ ẹ́ sí etí aṣọ pé ẹ̀rọ ló ṣe é, àti ìlú tó ti wá. Ó dùn mí láti sọ ọ́, ọmọ ọjà wa ló ń tà á: ẹ tà á, ṣùgbọ́n ẹ má pè é ní àdìrẹ. Ẹ̀yin tí ẹ ń rà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yí ẹ̀yìn aṣọ wò kí ẹ tó sanwó.

Èmi ni tiyín,
Aláró kan ní Ìtòkú, Abẹ́òkúta