Ta ló jókòó? Wọ́n ti Julie Dash síta ni

Ẹ̀yin olóòtú,

Ojú ìwé sinimá yín tọ̀sẹ̀ tó kọjá bí mi nínú gan-an. Ẹ to àwọn olùdarí fíìmù Hollywood sílẹ̀, ìgbà tẹ́ ẹ dé orí Julie Dash, obìnrin aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà tó ń darí fíìmù, ẹ ní fíìmù kan péré ló ṣe ló bá lọ jókòó. Ó jókòó kẹ̀! Wọ́n tilẹ̀kùn mọ́ ọn ni o.

Ṣebí ẹ mọ Daughters of the Dust, èyí tó gbé lọ àjọ̀dún fíìmù Sundance l'Amẹ́ríkà lọ́dún 1991 tó sì gba àmì ẹ̀yẹ torí àwòrán ẹ̀ tó rẹwà, òun ni fíìmù gígùn àkọ́kọ́ tí obìnrin aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà darí tó wọ sinimá káàkiri ọ̀hún. Nǹkan bí 800,000 dọ́là ló fi ṣe é, owó tí àwọn ọ̀gá yẹn ń ná sórí ìpolówó lásán. Èrò rọ́ lọ wò ó ní New York, síbẹ̀ kò sí sitúdíò ńlá kankan tó fún un lówó fíìmù ìkejì. Tẹlifíṣàn ló gbà á, ó ṣe ìtàn Rosa Parks, obìnrin tó jà fún ẹ̀tọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú, lọ́dún 2002, ó tún darí nínú eré tẹlifíṣàn Queen Sugar. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lẹ ní ó jókòó!

Èyí tó dùn mí jù ni pé tiwa ló wà nínú fíìmù yẹn. Ẹbí Gullah, ìyẹn àwọn ọmọ ọmọ ẹrú tí wọ́n kó láti Áfíríkà, ní erékùṣù South Carolina l'Amẹ́ríkà, ọdún 1902, ó sì fi òrìṣà dá àwọn èèyàn inú ẹ̀: Nana ni Ọbàtálá, Yellow Mary ni Yemọja, Eli ni Ògún. Mélòó nínú wa ló ti wò ó? Ìgbà tí Lemonade, àwo orin àti fíìmù Beyoncé, jáde lọ́dún 2016 táwọn èèyàn ní ó jọ ọ́ ni gbogbo ayé tó ń pariwo ẹ̀, wọ́n tún àwòrán fíìmù àtijọ́ náà ṣe kó mọ́, wọ́n gbé e padà sí sinimá. Owó ìkejì ńkọ́? Ilẹ̀kùn ṣì wà ní títì.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ni sinimá l'Ékòó àti Ìbàdàn, ẹ san owó ẹ̀tọ́ ẹ̀, kẹ́ ẹ gbé e wọlé lóṣù ọdún Ọ̀ṣun, ẹ kọ Yorùbá sábẹ́ ẹ̀ torí èdè Gullah tí wọ́n ń sọ níbẹ̀, ẹni tó gbọ́ òyìnbó dáadáa gan-an máa ṣẹ́jú. Kẹ́ ẹ tún ránṣẹ́ pe ìyá náà wá bá àwọn ọmọ tó ń kọ́ tíátà ní yunifásítì sọ̀rọ̀, kí àwọn pròdúsà wa olówó sì jókòó síbẹ̀ kí wọ́n gbọ́ irú fíìmù tó ṣì fẹ́ ṣe. Àwọn sitúdíò, ẹ fún àwọn obìnrin lówó, ó tán.

Ẹ̀yin náà, ẹ tún ọ̀rọ̀ yẹn kọ, ojú ìwé kan náà ni o, kì í ṣe kọ̀rọ̀ ẹ̀yìn.

Òǹkàwé yín, Òṣogbo