Àáké Tí A Yá

Ọ̀RỌ̀ OLÙṢỌ́-ÀGÙNTÀN FÚN Ọ̀SẸ̀ YÌÍ
Bíbélì kíkà: Àwọn Ọba Kejì 6:1–7

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, ẹ kú ọjọ́ ìsinmi o. Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé fún sáà tuntun ní FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ Àkúrẹ́ wa níbí, ẹ káàbọ̀. Àwọn àga ẹ̀yìn ti tún kún, inú wa sì dùn.

Ìtàn kan wà tí a kì í sábà fi wàásù fún akẹ́kọ̀ọ́, bẹ́ẹ̀ ìtàn akẹ́kọ̀ọ́ ni látòkè délẹ̀. Àwọn ọmọ wòlíì tó ń kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ Èlíṣà ló sọ fún ọ̀gá wọn pé ibi tí àwọn ń gbé ti há jù. Ẹni tó bá ti bá èèyàn mẹ́ta dáwó yàrá kan ní South Gate lẹ́bàá FUTA rí yóò mọ ohun tí wọ́n ń wí. Wọn ò ní kí wòlíì gba ilé fún àwọn ní Ìjàpọ̀, àdúgbò àwọn olówó. Wọ́n ní kí olúkúlùkù lọ gé ìtì igi kan wá láti Jọ́dánì, kí àwọn fi kọ́ ibi tí àwọn yóò máa gbé. Ẹnu iṣẹ́ yìí ni wọ́n wà tí irin àáké ọ̀kan nínú wọn fi yọ bọ́ sínú omi. Ó figbe ta. Kò ké pé àáké sọnù. Ohun tó ń ké ni pé yíyá ni òun yá a.

Iṣẹ́ ló yá àáké yẹn fún. Kò sì fi pa mọ́ pé kì í ṣe tòun.

Kí ojú èèyàn mọ ohun tó dára kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ló fi ọgbọ́n iṣẹ́ wúrà àti fàdákà sínú Bẹsalẹli, ẹ lọ ka Ẹ́kísódù 31. Ẹ ò ní bá mi lórí pẹpẹ kí n máa bú ọmọ tó fẹ́ràn bàtà tó gún régé tàbí lọ́fínńdà tó ń ta sánsán. Kọ̀ǹpútà alágbèéká lọ́wọ́ ọmọ tó ń kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ kì í ṣe fáàrí, àáké rẹ̀ nìyẹn, ẹ̀yin òbí, ẹ yé pè é ní ìgbádùn. Èyí tó ń bà mí lọ́kàn jẹ́ ni iPhone tí a fi owó ilé-ìwé rà, tí a wá pe ìyá nílé pé wọ́n ti fi nǹkan kún owó tí à ń san.

Láti ọdún 2024 ni NELFUND, àjọ ìjọba àpapọ̀ fún owó akẹ́kọ̀ọ́, ti ń san owó ilé-ìwé sí àpò ilé-ẹ̀kọ́ fún ẹni tó bá béèrè, wọ́n sì tún lè máa fún un ní ₦20,000 lóṣù tí yóò fi gbọ́ bùkátà. Mò ń gbọ́ tí àwọn kan ń pè é ní owó ọ̀fẹ́. Ẹ̀yáwó ni. Bí ẹ bá ṣe àgùnbánirọ̀ tán, tí ọdún méjì kọjá, inú owó oṣù yín ni wọn yóò ti máa yọ ọ́. Ẹ pín ₦20,000 sí ọgbọ̀n ọjọ́, kò tó ₦700 lóòjọ́. Ṣàwámà kan ṣoṣo lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ó ti jẹ oúnjẹ ọjọ́ mélòó kan mọ́ ọn.

Àwọn tó ń yá lọ́dọ̀ app orí fóònù tún wà. Àwọn app wọ̀nyẹn kì í béèrè onídùúró, nọ́ńbà tó wà nínú fóònù rẹ ni wọ́n fi ṣe onídùúró. Ọjọ́ tí owó bá pé tí o ò rí i san, wọn á máa tẹ ìwọ̀sí ránṣẹ́ sí ìyá rẹ, sí olùkọ́ rẹ, sí pásítọ̀ rẹ. (Wọ́n ti fi irú rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi rí. Èdè inú rẹ̀ kò ṣeé kà ní ilé Ọlọ́run.) Láti ọdún 2022 ni FCCPC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo ẹ̀tọ́ oníbàárà, ti ní kí wọ́n máa wá forúkọ sílẹ̀, kí wọ́n sì yé dójú ti ọmọlọ́mọ, ṣùgbọ́n gbogbo wọn kọ́ ló gbọ́.

Ní ìpínlẹ̀ Oǹdó tiwa níbí, kòkó náà ní ọwọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọdún 2024, tọ́ọ̀nù kòkó kan kọjá $10,000 ní ọjà àgbáyé, ohun tí ojú kò rí rí. Ní Ìdànrè, ní Ilé-Olújìí, ní ọ̀nà Ọ̀wẹnà, àwọn bàbá tó ti ń fi ìṣẹ́ tọ́ ọmọ rí owó gidi mú. Ọmọ náà kúrò nínú yàrá àjọgbé, ó gba self-con. Ó gbàgbé ọ̀nà ibi tí wọ́n ti ń ta òkìrìkà ní Ọjà Ọba. Ta ni yóò bínú sí i? Ìgbà yí padà, iye kòkó já wálẹ̀, ojú tó ti mọ nǹkan olówó ńlá kò sì bá a wálẹ̀. Àgbẹ̀ fúnra rẹ̀ mọ̀ pé kòkó ní àsìkò, ó mọ bí a ṣe ń na owó oṣù Kejìlá kó lè dé oṣù Kẹjọ. Ọgbọ́n yìí gan-an ni ọmọ nílò, ṣùgbọ́n bàbá kì í sọ ọ́, kí ọmọ má baà rò pé apá òun ò ká a mọ́. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni kò mọ̀ pé bàbá àwọn ti gba owó sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń ra kòkó, lórí èso tí kò tíì pọ́n lórí igi. Àáké àgbàlò ni tọmọ ti bàbá, olúkúlùkù sì ń fi tirẹ̀ pa mọ́ fún ẹnìkejì.

Ẹ̀yin àgbà tí ẹ ti ń mi orí, ó kù sọ́dọ̀ yín. Ta ló kọ́ wọn ní ṣekárími? Aṣọ ẹbí òkú tí a gbà láwìn, tí a ò tíì san tán tí òmíràn fi dé, ìṣojú àwọn ọmọ yìí la ṣe ń gbé e lọ fún télọ̀. Àwọn bàbá wa ní ṣòkòtò àgbàbọ̀, bí kò fúnni lẹ́sẹ̀, a ṣoni. Rẹ́múrẹ́mú lohun ẹni ń bá ni mu. Ẹnu wa ni òwe yẹn mọ, kò dé ara wa. Nígbà òkú ìyá ìjọ kan lọ́dún tó kọjá, àwọn ọmọ olóògbé ní kí kálukú wọ aṣọ funfun tó bá ní. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn ní gbangba ìgbà yẹn, mo tún ń dúpẹ́.

Èlíṣà kò bi ọmọ yẹn pé ta ló rán an lọ yá àáké. Ó ní, níbo ló bọ́ sí? Ọmọ náà fi ibẹ̀ hàn án. Wòlíì gé igi kan, ó sọ ọ́ sínú omi níbẹ̀. Nígbà tí irin léfòó tán, wòlíì ò bá a mú un, ó ní kó na ọwọ́ mú un fúnra rẹ̀.

Nítorí náà, láti Ọjọ́rú tó ń bọ̀, lẹ́yìn ẹ̀kọ́ Bíbélì, èmi pẹ̀lú àwọn méjì nínú ìgbìmọ̀ ìrànlọ́wọ́ yóò máa jókòó ní ọ́fíìsì ìjọ fún ẹnikẹ́ni tí gbèsè bá ń lé. Kò sí ìwàásù níbẹ̀. A ó ṣírò gbogbo rẹ̀ pọ̀, a ó wo èyí tí ìjọ lè gbé àti èyí tí ìwọ náà yóò máa san díẹ̀díẹ̀. Ìjọ kò ní bá ẹnikẹ́ni san gbèsè fóònù, ẹ má wulẹ̀ béèrè, ṣùgbọ́n a lè bá yín wá ẹni tí yóò rà á lọ́wọ́ yín. Ẹ mú fóònù náà dání, kí a lè rí iye tí app ń pè gan-an. Àwọn òbí náà lè wá, bí ojú bá ń tì yín, ẹ gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn.