Òtútù kò ní ká má jẹ ewé tútù

Olóòtú mi,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú ọ̀gìnnìtìn. Mo ka lẹ́tà arákùnrin tó ní ewúrẹ́ ló ń jẹ ewé láìsè, àti pé ẹni tó bá ń jẹ sàláàdì nílùú ọba lóṣù kìíní ń fowó ra òtútù sínú ni. Ẹ̀rín pa mí. Ewúro tí àwọn àgbà ń já jẹ láàárọ̀ ńkọ́, ṣé wọ́n máa ń sè é ni?

Síbẹ̀, mo gba ìdajì ọ̀rọ̀ rẹ̀. Púpọ̀ nínú létúsì tí à ń rà lásìkò yìí, láti Murcia ní Spéènì ni ọkọ̀ akẹ́rù ti ń kó o bọ̀. Kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, omi lásán ló ń dà lẹ́nu. Lọ́dún 2017, òjò àti yìnyín ba oko wọn jẹ́ níbẹ̀, àwọn ilé ìtajà kan níbí ò sì jẹ́ kí oníbàárà ra ju 3 lọ. Ó tún ṣẹlẹ̀ ní oṣù kejì ọdún 2023, tòmátò àti kùkúḿbà náà sì wọ́n bí ojú. Mo dúró níwájú àtẹ tó ṣófo bí ẹni tí wọ́n gba ilẹ̀ bàbá rẹ̀.

Àmọ́ nílé, ta ló ń wá olú kiri nígbà ọyẹ́? Ewé òtútù wà lọ́tọ̀. Mo ní ilẹ̀ kékeré kan tí ìjọba ìbílẹ̀ ń yá àwa ará àdúgbò, ọdún 11 rèé tí mo ti ń gbin kale, ẹ̀fọ́ kan tí òtútù kì í pa, síbẹ̀. Ìgbà tí ìrì dídì bá bọ́ sí i lára ló ń dùn. Ṣe ló máa ń sọ sítáàṣì ara rẹ̀ di ṣúgà, kí omi inú rẹ̀ má baà tètè dì. Ní oṣù kẹsàn-án ó korò. Tó bá di oṣù kìíní, ọmọ ọmọ mi á máa já a jẹ lórí ìdúró.

Watercress, ewé kan tó ń hù nínú omi, náà ń bẹ. Ní Hampshire, ní gúúsù ìlú ọba níbí, inú omi ìsun ni wọ́n ń gbìn ín sí, omi náà kì í sì í kúrò ní nǹkan bí 10°C, ẹ̀ẹ̀rùn o, òtútù o. Ó ń ta lẹ́nu bí ata. Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹja díndín.

Ti kale, ẹ yọ igi àárín rẹ̀, ẹ rẹ́ ẹ wẹ́wẹ́, ẹ bu iyọ̀ àti omi ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, kí ẹ fọwọ́ rún un bí ẹni ń fọ ewúro. Ẹ má da omi rẹ̀ nù o! Bí a ṣe ń bọ ẹ̀fọ́ tí à ń fún un dànù yẹn, fítámì C ló ń bá omi lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ yọ́ òróró díẹ̀ pẹ̀lú àlùbọ́sà àti ata, kí ẹ dà á lé e lórí ní gbígbóná. Òtútù wo ló tún kù níbẹ̀?

Ẹni tó bá ń lo warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì, bíi ti ọkọ mi, kó má kàn dédé bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́ lájẹjù láìsọ fún dókítà, torí fítámì K inú rẹ̀ máa ń dín agbára oògùn náà kù.

Kí arákùnrin náà fi àdírẹ́sì rẹ̀ ránṣẹ́ sí yín. Kale mi pọ̀ ju èyí tí mo lè dá jẹ lọ, tó bá sì ti di ìgbà tí oòrùn ń padà bọ̀, òdòdó ni yóò máa yọ.

Èmi ni,
Ìyá Àgbẹ̀, Lọ́ńdọ̀nù