Lẹ́tà sí Dókítà Azzeddine Laraki

Bàbá wa olóògbé,

Olùkọ́ ìṣirò ni mí. Ẹ kò mọ̀ mí rí, ẹsẹ̀ mi kò sì tíì tẹ ilẹ̀ Mòrókò, ṣùgbọ́n ohun kan nínú iṣẹ́ tí ẹ ṣe láyé kò kúrò lọ́kàn mi.

Ọmọ ìlú Fez ni yín, oníṣègùn ni yín kí ẹ tó di olóṣèlú nínú ẹgbẹ́ Istiqlal, Ọba Hassan Kejì sì fi yín ṣe mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ní 1977. Láàárín ọdún mẹ́sàn-án tí ẹ lò nípò náà, ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì ń kúrò nínú èdè Faransé bọ́ sínú èdè Lárúbáwá, kíláàsì kan tẹ̀ lé òmíràn, títí àwọn ọmọ àkọ́kọ́ tó gba ọ̀nà náà fi ṣe ìdánwò àṣejáde girama ní 1990. N kò bá yín jà lórí ìyẹn. Ọdún 44 ni Faransé fi ṣàkóso yín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Lárúbáwá inú ìwé kọ́ ni ìyá fi ń bá ọmọ sọ̀rọ̀ nílé, pàápàá láàárín àwọn Amazigh, àwọn onílẹ̀ tó ní èdè tiwọn.

Ẹnu ọ̀nà yunifásítì ni nǹkan ti wọ́. Nínú ìwé ìṣirò girama, ọ̀rọ̀ Lárúbáwá ń ti ọ̀tún bọ̀ sí òsì, ìṣirò tó ní x àti y sì ń ti òsì lọ sí ọ̀tún láàárín rẹ̀, ọmọ náà sì ń kà á láìkọsẹ̀. Ó dé yunifásítì, ohun tó ti ń pè ní “dalla” ní Lárúbáwá (“function” ní èdè Gẹ̀ẹ́sì) di “fonction” lẹ́nu olùkọ́, nítorí pé ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì àti ìṣègùn kò kúrò nínú Faransé níbẹ̀. Faransé tó kọ́ bí iṣẹ́ kan láàárín àwọn iṣẹ́ yòókù kò gbé e dé ibì kan. Ọmọ tó mọ̀wé wá jókòó bí òpè.

Ẹ̀yin gan-an ni olórí ìjọba nígbà náà, láti 1986 títí di 1992. Mo mọ̀ pé ọba ló ni àṣẹ ìkẹyìn. Síbẹ̀, oníṣègùn ni yín, ẹ mọ èdè tí wọ́n fi ń kọ́ iṣẹ́ yín.

Ẹ lọ ṣe akọ̀wé àgbà OIC, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Mùsùlùmí, ẹ sì dolóògbé ní 2010. Ní 2019, òfin ètò ẹ̀kọ́ Mòrókò, òfin 51-17, ṣí ọ̀nà fún èdè àjèjì láti padà sínú ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì ní girama. Nígbà tí àwọn ọmọ 1990 dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn yẹn, Bàbá, ta ni ẹ rò pé yóò ṣí i fún wọn?