Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi tẹ ilẹ̀

Sí Olóòtú,

Ọ̀pọ̀ iléèwé jẹ́lé-ó-sinmi n'Ìbàdàn ti fi kọnkéré bo gbogbo àgbàlá wọn. Friedrich Froebel, ará Jámánì tó bẹ̀rẹ̀ irú iléèwé yìí ní 1837, fẹ́ kí ọmọdé máa gbin nǹkan. Tiwa ń jókòó pe "ápù" látàárọ̀, máńgòrò sì ń bẹ lẹ́yìn fèrèsé!

Ẹ wo ọmọ tó bá rí ìgbín: á fọwọ́ kan ìwo rẹ̀, ìwo á wọlé, ọmọ á lóṣòó dúró kó tún yọ. Kò dìgbà tí wọ́n bá kó àwọn ọmọ lọ sọ́gbà ìgbafẹ́ Àgodi. Abẹ́ igi kan tó. Àwa òbí náà lẹ́bi, tá à ń pariwo torí yúnífọ́ọ̀mù tó dọ̀tí.

Kíjọba Ọ̀yọ́ má fọwọ́ sí iléèwé tí ò nílẹ̀ eré.

Òbí kan,
Bódìjà, Ìbàdàn.