Lẹ́tà Ìparí Sáà Kejì sí Àwọn Òbí àti Alágbàtọ́

Ẹ̀yin òbí àti alágbàtọ́ wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìnáwó, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká fi ọmọ sunkún. Sáà kejì ti parí, a sì dúpẹ́ pé gbogbo wa la bá a dópin láyọ̀.

Káàdì èsì ìdánwò á tẹ̀ yín lọ́wọ́ lọ́jọ́ Jímọ̀. Ẹni tó bá ṣì jẹ owó ilé-ìwé, kó kọ́kọ́ yà sọ́dọ̀ akápò. Ìṣirò dára ju ti sáà kìíní lọ. Àkọtọ́ Yorùbá ṣì kù díẹ̀ káàtó, pàápàá lọ́wọ́ àwọn ọmọ tí ẹ̀ ń sọ Gẹ̀ẹ́sì nìkan sí nílé. Ilé Aláwọ̀ Ewé ló gbégbá orókè nínú eré ìje. Ìsinmi jẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹ bá wa gé irun àwọn ọmọkùnrin kí wọ́n tó wọlé.

Mi ò lè gbójú fo adágún ẹja wa. Nígbà tí mo dá a sílẹ̀, àwọn kan ń bèèrè pé kí ni ilé-ìwé fẹ́ fi ẹja ṣe. Lónìí, àwọn ọmọ Púráímárì 4 fúnra wọn ló ń wọn oúnjẹ àrọ̀, tí wọ́n ń kọ ọ́ sínú ìwé, tí wọ́n sì ń ṣírò iye tó kù nínú àpò. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tí ìṣirò ti dára sí i, kó wá síbi adágún láago 7 àárọ̀. Mi ò tíì rí ilé-ìwé mìíràn ládùúgbò wa tó ní irú rẹ̀.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ìrìn àjò Púráímárì 5, tó ti da WhatsApp àwọn òbí rú láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá.

Ètò wa ni pé ká kọ́kọ́ gun Láyípo ní Òkè Àrẹ kí oòrùn tó mú, lẹ́yìn náà ká lọ sí ọgbà ẹranko Yunifásítì Ìbàdàn. Ẹ mọ Láyípo: ilé ìṣọ́ tí wọ́n kọ́ lọ́dún 1936 ní ìrántí Kápútéènì Bower, ajẹ́lẹ̀ òyìnbó àkọ́kọ́ ní Ìbàdàn. Àtẹ̀gùn inú rẹ̀, tó ń yí po bí ìkarahun ìgbín, ló sọ ọ́ ní Láyípo.

Ọmọ kan wà ní kíláàsì náà tó ní òtísíìmù, ìyẹn ni pé ọpọlọ rẹ̀ ń gba ohun tó ń rí àti ohun tó ń gbọ́ lọ́nà tó yàtọ̀ sí tàwọn ẹlòmíràn. Ìyá rẹ̀ ti ka ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ó sì fọwọ́ sí i. Ọmọ náà ka àtẹ̀gùn láti ìsàlẹ̀ dé òkè, kò fo ọ̀kan. Nígbà tó dókè tó rí òrùlé páànù Ìbàdàn tó pọ́n lọ rẹrẹẹrẹ, ó fẹ̀yìn ti ògiri, ó ní òun ò sọ̀ mọ́. Bí a ṣe ń bẹ̀ ẹ́ ló ń fọwọ́ di etí. Awakọ̀ ní kí òun gbé e sọ́rùn, mo kọ̀. Ẹ wo ọmọ ọdún 10 tó ń ta pàrà lórí èjìká àgbàlagbà nínú àtẹ̀gùn tóóró! Àǹtí tó ń tọ́jú rẹ̀, tó kọ́ iṣẹ́ rẹ̀ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ tó ń kọ́ ọmọ àkàndá ní Ọ̀yọ́, ní ká dákẹ́, ká jókòó. A jókòó fún bí ìṣẹ́jú 50. Ìgbà tó yá ni ọmọbìnrin kan, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, sọ fún un pé, "O ò tíì kà á padà o." Ọmọkùnrin náà wò ó, ó gbẹ́sẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á láti ẹ̀yìn bọ̀ títí ó fi ku ọ̀kan. Ó wọ bọ́ọ̀sì láìsí wàhálà. Àmọ́ ọjọ́ ti lọ, a ò lè dé ọgbà ẹranko mọ́.

Mo mọ̀ pé ọmọ yín retí kìnnìún, oorun inú bọ́ọ̀sì ló sì gbé wálé. Ó dùn mí. Ṣùgbọ́n mo ka ohun tí ẹ kọ. Ẹnì kan ní kí àwọn òbí ọmọ náà san owó fún gbogbo yín. Ẹnì kan ní ká máa fi irú wọn sílé. Ẹlòmíràn pe ọmọ ọlọ́mọ lórúkọ tí mi ò ní kọ sínú lẹ́tà ilé-ìwé.

Ọwọ́ mi ni àṣìṣe wà. Ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú ni Àǹtí ti ní kí n jẹ́ kí òun ya àwòrán ibi tí a ń lọ fún ọmọ náà, kó mọ èyí tó ṣáájú, èyí tó tẹ̀ lé e, àti ìgbà tí a ó sọ̀ kalẹ̀. Mo ní kò pọn dandan. Ọmọ tó ní òtísíìmù fẹ́ mọ ohun tó ń bọ̀. Ariwo tí ẹlòmíràn ò kà sí lè máa dún bí ìlù lágbárí rẹ̀. Kì í ṣe àìgbọràn, kì í ṣe èpè, kì í ranni.

Fífi í sílé ńkọ́? Rárá o. Òfin ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n fọwọ́ sí lọ́dún 2019 fún àwọn àkàndá lẹ́tọ̀ọ́ sí ẹ̀kọ́ láìyà wọ́n sọ́tọ̀. Ká tilẹ̀ ní kò sí òfin, lọ́dún tó kọjá ọmọ méjì bì sára mi nínú bọ́ọ̀sì yìí kan náà, aṣọ mi sì jẹ́ funfun. Kò sí òbí kankan tó ní ká fi wọ́n sílé nígbà náà.

Owó ìwọlé yín wà lọ́wọ́ akápò, kò dín. Lọ́jọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ kejì sáà kẹta, a ó lọ sí ọgbà ẹranko nìkan. Ilé-ìwé ló máa san owó ọkọ̀. Ọgbà náà bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1948 pẹ̀lú ẹranko díẹ̀ tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì, ó wá di ọgbà ńlá lọ́dún 1974; àwọn olùkọ́ á kọ́ wọn ní èyí kí wọ́n tó lọ. Àǹtí ti ń ya àwòrán rẹ̀. A ti ra ìbo-etí. Àǹtí àti ọmọ náà á jókòó níwájú, wọn á sì wá ibi tó pa rọ́rọ́ lábẹ́ igi tí wọ́n lè sá sí bí ariwo bá pọ̀.

Òbí tí kò bá fẹ́ kí ọmọ òun bá a wọ bọ́ọ̀sì kan náà, kó wá gba owó rẹ̀. Ọmọ òbí bẹ́ẹ̀ ló máa wà ní kíláàsì pẹ̀lú olùkọ́ lọ́jọ́ náà. Bọ́ọ̀sì á gbéra láago 8 géérégé.

Èmi ni tiyín,
Ọ̀gá Ilé-Ìwé

Àfikún: Àrọ̀ á tó tà ní ọ̀sẹ̀ kìíní sáà tó ń bọ̀. Ẹni tó bá fẹ́, kó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ akápò. A kì í tà á láwìn.